Tìjání Télọ̀ Lórí Odò Ọya

Ní gbogbo Ìlá Ọ̀ràngún, kò sí télọ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn bíi Tìjání, kò sì sí èyí tí wọ́n ń bú tó o. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níṣẹ́. Wọ́n ń bú u nítorí pé ẹnu rẹ̀ kò mọ "rárá" í pè. Bí Iléyá bá ku ọ̀la, tí aṣọ tó wà nílẹ̀ ti fẹ́ kan àjà, tí obìnrin kan bá tún gbé léèsì dé tó ní, "Alfa, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kójú tì mí," Tìjání á wo òkìtì aṣọ, á wo ojú obìnrin náà, á ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀." Lọ́jọ́ ọdún gan-an, Jàmíátù ìyàwó rẹ̀ ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí yóò máa bẹ àwọn ènìyàn. Tìjání á ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí Yídì.

Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Láti kékeré ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Adéníyì àti Dàda, ti ń darí rẹ̀ síbi tó wù wọ́n. Adéníyì kàwé, ó di olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé girama ìlú, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní Tíṣà. Dàda kọ́ mọ́tò, ó ní Píjò kan tó fi ń kó èrò láti Ìlá lọ sí Òṣogbo. Tìjání kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá ọ̀nà ọjà. Títí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi lé ní ogójì ọdún, ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n ti ń pàdé nírọ̀lẹ́.

Ní ọdún 1995, Adéníyì ní ìwé kan tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni, ìwé ẹ̀rín, tí àwọn òyìnbó ti ń kà láti ayé bàbá ńlá wọn. Ó sọ nípa àwọn ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́ lórí odò, tí gbogbo nǹkan sì ń dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Adéníyì á kà á ní kíláàsì, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tó sú u, ó gbé ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù Tìjání, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Dúró ná," Dàda á ní. "Ṣé kò sí ọ̀nà mọ́tò lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ ni?"

"Ó wà."

"Kí ló dé tí wọn ò gba ibẹ̀?"

"Ìgbafẹ́ ni, Dàda."

"Ìgbafẹ́ tí wọ́n ń fi apá ara wọn tù?"

Dàda á bú sẹ́rìn-ín, Tìjání náà á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ká sòótọ́, kì í fi gbogbo ara yé e. Ẹ̀rín Adéníyì gan-an ló ń pa á lẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ibòmíràn tí Tíṣà ti ń rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́dún náà.

Nígbà tó di oṣù Ọ̀pẹ, ọ̀wọ́n bẹtiró dé. Píjò Dàda jókòó sí ojúde bí arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ilé ìwé gba ìsinmi. Ìyádùnní, ìyàwó Adéníyì, ti kó àwọn ọmọ lọ sí Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adéníyì ní wọ́n lọ ṣe Kérésì ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jẹ́ kí àwa náà lọ," ó ní.

"Síbo?" Dàda bi í.

"Sórí omi. Odò Ọya ò kúkú jìnnà. Ká dé Jẹ́bà, ká gba ọkọ̀, ká máa tù ú lọ sí Pátígi díẹ̀díẹ̀. Ká sinmi. Láti ọjọ́ tí a ti dáyé, ta ló sinmi rí nínú wa?"

Dàda ní òun kò ní nǹkan mìíràn tí òun ń ṣe, ó kúkú yá. Ó wá ku Tìjání. Ẹ̀rù omi ń bà á. Kò mọ̀wẹ̀, níbo ni ì bá ti kọ́ ọ ní Ìlá? Bí òjò bá rọ̀ tí gọ́tà kún, á dúró títí omi á fi fà kó tó kọjá. Ó la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wò ó. Ojú Adéníyì ń dán lọ́nà kan tí kò tíì rí rí, bí ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń bẹ̀bẹ̀.

"Ó dáa," Tìjání ní.

Nígbà tó délé, Jàmíátù fi ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Baba Àsíìsì, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè fo gọ́tà? Odò Ọya? Ta ló ní kí ẹ lọ?"

"Adéníyì ni."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

Tìjání mú ìgbálẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Jàmíátù kò tún bi í mọ́, ó ti bá a gbé pẹ́. Ó dìde, ó lọ rẹ ẹ̀wà sómi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó ti se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé, ó dì í pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ, ó sì so tírà kékeré kan mọ́ apá ọkọ rẹ̀. "Ẹ má bọ́ ọ," ó ní, "kódà bí ẹ bá ń wẹ̀."

Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ kó àlùbọ́sà lókè Ọya ló gbé wọn láti Ìlọrin dé Jẹ́bà. Nínú ọkọ̀ yìí ni Dàda ti kọ́kọ́ jìyà. Kò jókòó sínú mọ́tò tí ẹlòmíràn ń wà rí. Gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n bá sọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, títí awakọ̀ fi ní bí ó bá tún sọ̀rọ̀, àárín àlùbọ́sà ni yóò ti padà sílé.

Létí odò nísàlẹ̀ Jẹ́bà, wọ́n rí baba Tápà kan tó ní ọkọ̀, tó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀.

"Ta ni yóò tù yín?" baba náà bi wọ́n.

"Àwa fúnra wa ni, bàbá," Adéníyì dáhùn.

"Ẹ ti tu ọkọ̀ rí?"

"A ti kà nípa rẹ̀, sà."

Baba náà wo Adéníyì, ó wo Dàda, ó wá wo Tìjání tó fi ọwọ́ di tírà rẹ̀ mú. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn lọ, oúnjẹ tí wọ́n bá jẹ nìkan ni òun náà yóò jẹ. Tìjání fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Adéníyì ní ó tì o, ìgbafẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ni, bí ẹlòmíràn bá bá wọn tù ú, ó ti di ìrìn-àjò nìyẹn. Baba ní kò burú. Kí wọ́n fi ọkọ̀ lé àbúrò òun lọ́wọ́ ní èbúté Pátígi. "Ẹ má sáà jìnnà sí etí odò," ó ní. "Odò kì í ṣe títì."

Wọ́n di ẹrù. Adéníyì kó àpótí aṣọ wá, pẹ̀lú àga tó ṣeé ká, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, agbòòrùn ńlá kan àti ìwé rẹ̀ tó fi ọ̀rá wé. Dàda jókòó sẹ́yìn, ó fi ojú wá sítíárìn kiri, kò rí i, ó sì di àjẹ̀ ìtukọ̀ mú bí ẹni tó mú ọmọ odó. Tìjání mú èkejì níwájú. Apá ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ti ń tù. Ọkọ̀ náà ń yí po lójú kan bí òkòtó. Wọ́n rí baba Tápà, wọ́n rí igi, wọ́n rí òdìkejì odò, wọ́n tún rí baba Tápà. Nígbà tí wọ́n rí i kẹ́yìn, ó ti fi etí fìlà bo ẹnu rẹ̀. Ìgbà tó rẹ̀ wọ́n tí wọ́n gbé àjẹ̀ sókè ni odò fúnra rẹ̀ mú wọn, ó sì rọra ń gbé wọn lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà, ká má purọ́, ó dùn. Omi ìgbà ọyẹ́ kì í sáré. Àwọn ẹyẹ funfun to ara wọn sétí odò. Adéníyì jókòó sórí àga rẹ̀ láàárín ọkọ̀, ó ń ka ìwé, ó ń túmọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n wá mọ́ínmọ́ín kiri, ìgbà tí Dàda dìde ni wọ́n rí i pé mọ́ínmọ́ín náà ló ti fi ṣe tìmùtìmù láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ọkọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ha á jẹ lára ewé. Tìjání tilẹ̀ tú ọwọ́ kan sílẹ̀ lára etí ọkọ̀. Ó ń rò ó pé bóyá òun ti ń bẹ̀rù lásán. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọkọ̀ yan ibi tí wọn yóò sùn fúnra rẹ̀. Ó wọ inú koríko lẹ́bàá abúlé kan, bí wọ́n ṣe tì í tó, kò jáde títí di òwúrọ̀.

Ọjọ́ kejì ni nǹkan yí padà. Oòrùn ọ̀sán mú, Adéníyì sì ṣí agbòòrùn. Bó ṣe ṣí i ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ fò kúrò létí odò bí ewúrẹ́ tó já okùn.

"Pa á dé!" Dàda pariwo.

"Kò fẹ́ pa dé!"

"Jù ú nù nígbà náà!"

"Agbòòrùn Ìyádùnní ni!" Adéníyì ké, ó sì di ọ̀pá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti wà ní agbede méjì odò. Apẹja arúgbó kan ń bọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè, ó kí wọn. Ọmọ Ìlá tí wọ́n kọ́ nílé ni Tìjání. A kì í fi ọwọ́ kan dá àgbà lóhùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tẹrí ba, "Ẹ kúuṣẹ́ o, bàbá." Nígbà tó gbé orí sókè, àjẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sómi, ó ń bá ọkọ̀ apẹja lọ.

Àjẹ̀ kan ló wá kù, lọ́wọ́ Dàda, èyí tí kò mọ̀ ju kó máa yí ọkọ̀ po lọ. Tìjání fi ọwọ́ lásán gbọ́n omi, kò ran nǹkan kan. Bí ẹni gbé wọn sórí atẹ́ ni odò ń gbé wọn lọ. Wọ́n ń wo ilẹ̀ ní apá ọ̀tún, wọ́n ń wò ó ní apá òsì, kò sí èyí tí ọwọ́ wọn lè tó.

Nígbà tí ọ̀sán ń rọ̀, wọ́n rí èrò rẹpẹtẹ létí odò, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, àwọn obìnrin pẹ̀lú agbọ̀n ẹja. Gbogbo wọn ń ju ọwọ́ sí wọn, wọ́n ń pariwo ní Tápà.

"Ẹ wò wọ́n," Adéníyì ní, inú rẹ̀ dùn. "Wọ́n ń kí wa káàbọ̀." Ó dìde lórí àga, ó ń ju ọwọ́ padà. Tìjání náà ju ọwọ́. Ariwo èrò túbọ̀ pọ̀ sí i, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré létí odò, wọ́n ń ju ọwọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Adéníyì tún tẹrí ba fún wọn.

Dàda ló kọ́kọ́ fura. "Ẹni tó ń kí èèyàn," ó ní, "kì í sáré báyìí."

Adéníyì rọra jókòó. "Pátígi nìyẹn," ó ní.

"Èwo?"

"Èyí tó ń lọ yẹn."

Wọ́n yí ọrùn padà, wọ́n ń wò ó títí ó fi kéré, títí ọyẹ́ fi bò ó mọ́lẹ̀. Tìjání ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀, nígbà tó tán, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gun òkìtì iyanrìn kan láàárín odò, ó sì dúró gbagidi. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tì í, ó kọ̀. Adéníyì fi èjìká tì í, wọ́n gbọ́ "fàà": ṣòkòtò rẹ̀ ya láti orúnkún dé itan. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó wo ṣòkòtò, ó wo omi, ó bú sẹ́rìn-ín. Dàda náà rẹ́rìn-ín, Tìjání tẹ̀ lé wọn. Àwọn méjì rẹ́rìn-ín tán. Adéníyì kò tán. Èjìká rẹ̀ ṣì ń mì, ìgbà tí Tìjání sì wò ó dáadáa, ó rí i pé ẹkún ni.

"Ìyádùnní ò ní padà wá mọ́," Adéníyì ní.

Ó bu iyanrìn, ó ń jẹ́ kó dà láàárín ìka rẹ̀.

"Kì í ṣe Kérésì ló lọ ṣe. Ó ti fi àwọn ọmọ sílé ìwé níbẹ̀. Ó ní ọdún wo ni òun bá mi rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ó ní ìwé nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín sí. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ronú, mo ronú, mi ò rántí ọdún náà."

Dàda tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ibùdókọ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo bí omi ṣe jìn tó, ó sì lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kẹ́yìn sí wọn. Ó wá ku Tìjání. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣa àgbálùmọ̀ ní kékeré, kò rí i kí Adéníyì sunkún, kódà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú. Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Kó ní yóò padà wá ni? Kò mọ̀. Kó ní kó ṣe sùúrù ni? Sùúrù kí ni?

"Bọ́ ṣòkòtò yẹn wá," ó ní.

Adéníyì bọ́ ọ, ó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wé ìdí. Tìjání yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń fi sí etí fìlà rẹ̀, ó fa òwú lára aṣọ ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Àwọ̀ òwú náà kò bá ti ṣòkòtò mu. Ó rán an, ó sì tún un rán níbi tí kò yẹ kó tún rán, nítorí kò mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá parí. Adéníyì ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ padà, ó ní, "O ṣeun."

Ilẹ̀ mọ́ bá wọn níbẹ̀, wọ́n fara mọ́ra wọn bí ọmọ ajá. Àwọn obìnrin Tápà tí wọ́n ń tukọ̀ lọ sọ́jà ló rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń ta ẹja ní Ṣàárẹ́, gbọ́ Yorùbá.

"Kí lẹ ń wá níbí?" ó bi wọ́n.

Adéníyì wo Dàda. Dàda wo Tìjání. "Ìsinmi ni, ìyáàfin," Dàda ní.

Obìnrin náà túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lórí odò lọ́jọ́ náà, ẹja inú omi á gbọ́ ọ. Wọ́n fa ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórí iyanrìn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn tiwọn, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀kan tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e lé Tìjání lórí ẹsẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè fúyẹ́ láti tù. Ọmọ náà tọ̀ sí i lára kí wọ́n tó dé èbúté Pátígi.

Ní Ìlá, Adéníyì fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìrìn-àjò náà ká. Ó mọ ìtàn í sọ. Ó sọ ti òkòtó, ti agbòòrùn, ti Pátígi tó ń lọ, èrò ń di ikùn mú. Nínú ìtàn rẹ̀, Tìjání ló ń ké jù, Tìjání ló fi àjẹ̀ ta apẹja lọ́rẹ, Tìjání lọmọ tọ̀ sí lára. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Atukọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti ṣàlàyé pé òun kò ké. Ẹ̀rín ni wọ́n tún fi rín, ó sì pa á tì. Ṣùgbọ́n ó ṣàkíyèsí pé bí ìtàn bá ti dé orí iyanrìn, àwọn obìnrin Tápà ló máa ń tẹ̀ lé e kíákíá.

Jàmíátù bi í lójúkojú. "Kí lẹ wá ṣe lórí iyanrìn yẹn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́?"

"Ọyẹ́ mú wa," ó ní.

Jàmíátù wò ó pẹ́, ó sì tú tírà kúrò lápá rẹ̀.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, Adéníyì lọ bẹ Ìyádùnní ní Èkó. Òun nìkan ló padà. Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkòròdú, kó lè wà nítòsí àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹtiró ti wà, Dàda fi Píjò gbé e dé Òṣogbo, Tìjání sì bá wọn lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, Tìjání ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kó má lọ. Wọ́n dé ibùdókọ̀, ó bá a gbé àpótí sókè, ó ní, "Ó dàbọ̀."

Ní 1998, ìyá Adéníyì kú, ó wá sin ín. Ìyádùnní kò wá, ṣùgbọ́n àkọ́bí wọn, Dámisọ́lá, tẹ̀ lé bàbá rẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ga bí ìyá rẹ̀. Wọ́n jọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, Dàda náà wà níbẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Atukọ̀," Dámisọ́lá ní, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó má bàa dà bí àrífín, "Dádì máa ń sọ ìtàn odò yẹn fún wa tí a bá lọ kí wọn. Mọ́mì gan-an gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Dádì kì í sọ ti orí iyanrìn. Kí lẹ ṣe níbẹ̀, sà?"

Tìjání wo Adéníyì. Adéníyì ń wo ilẹ̀. Dàda ti yí ojú sí títì.

"A sùn ni," Tìjání ní.

"Ṣé ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ wá."

Ọmọbìnrin náà kò gbà á gbọ́, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, kò tún bi wọ́n mọ́. Jàmíátù gbé oúnjẹ dé, wọ́n sì lọ fọwọ́.